Bí Mo Ṣe Ń Fi Àwọ̀ Ra Oògùn Títí Ìka Mi Fi Fẹ́rẹ̀ẹ́ Lọ

Bí wọ́n bá ti sọ fún yín ní ọsibítù pé egbò yín ti wọ eegun, tí wọ́n sì ti dárúkọ gígé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán. Mi ò ní kí ẹ má sunkún o. Èmi náà sunkún, débi pé nọ́ọ̀sì kan ní kí n rọra, pé mò ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé tó wá gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sun ún tán, ẹ nu ojú yín, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ìwà òmùgọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bá mi jà pé mo ba òun lórúkọ jẹ́.

Télọ̀ ni mí ní Ìkìrun. Ìyá Bùnmi ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Bí ẹ bá béèrè mi lọ́jà, wọ́n á sọ fún yín pé ọwọ́ mi yá, ẹnu mi náà sì yá, mi ò sì ní bá wọn jiyàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n dá a sílẹ̀. Bàbá Bùnmi, ọkọ mi, ń ṣe tíṣà ní Òkúkù, ó ń gun alùpùpù lọ láràárọ̀, ó ń gba Inísà kọjá. Ìdí máṣíìnì ni èmi ń wà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, pàápàá tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé, tí àwọn ìyá ọmọ á kó aṣọ yunifọ́ọ̀mù dé lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníkálukú á ní tòun ni kí n kọ́kọ́ rán.

Irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo ń rán apá ẹ̀wù kan lọ́wọ́, ọmọṣẹ́ mi kan pè mí, mo yíjú sí i, ẹsẹ̀ mi ò sì kúrò lórí máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ èékánná wọ inú ìka ọwọ́ ọ̀tún mi, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, ó sì ṣẹ́ síbẹ̀. Kò sí télọ̀ tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì kò gún rí. Bí ó bá gún wa, a ó fà á yọ, a ó fi kẹrosíìnì sí i, a ó pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn. Mo rán yunifọ́ọ̀mù mẹ́rin sí i lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹta, ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì, kì, kì, bí ẹni pé ọkàn mi ti kó lọ síbẹ̀. Ó wú, ó pọ́n, ó ń dán. Bí mo bá gbé ọwọ́ sílẹ̀, á máa ta mí. Bí mo bá gbé e sókè, á tún máa ta mí. Ara mi ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ọyún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. Aládùúgbò mi kan ní àkàndùn ni, pé kì í pa èèyàn. Mo ní a dúpẹ́.

Ẹni tí gbogbo wa ń sá tọ̀ nígbà náà ni Làmídì, tó ń gbé oògùn lórí àtẹ kiri ọjà. Ọmọ dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì parọ́ fún mi rí, nítorí òun náà kò mọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ oògùn lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọ̀ là ń pè. "Làmídì, pupa-òun-yẹ́lò." "Làmídì, pupa-òun-dúdú méjì." Èyí fún egbò, èyí fún inú rírun, èyí fún ikọ́. A ti pín in láàárín ara wa bí ẹni pé a wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pò ó.

Tèmi tún wá burú ju ti àwọn yòókù lọ, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló sì kó bá mi. Ẹ mọ bí a ṣe ń ra òwú. Bí wọ́n bá gbé aṣọ fún wa, a ó gé ègé kékeré lára rẹ̀, a ó mú un lọ bá olówùú, a ó máa fi òwú lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan títí àwọ̀ á fi bára mu. Èmi náà wá ń ra oògùn bẹ́ẹ̀. Mo máa ń tú kápúsù, màá da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sójú egbò, màá wá di èèpo rẹ̀ sétí ìró, màá mú un lọ bá Làmídì. "Irú eléyìí ni mo fẹ́."

Lọ́jọ́ kan ó yẹ èèpo náà wò, ó mi orí. "Ìyá Bùnmi, irú èyí ti tán o. Ṣùgbọ́n èyí jọ ọ́. Ó tiẹ̀ tún pọ́n jù ú lọ."

"Ṣé ó lágbára?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ó ṣe pọ́n!"

Mo wò ó, ó pọ́n lóòótọ́, mo bá ra mẹ́rin. Èmi tí mò ń bá àwọn ọmọṣẹ́ mi jà bí wọ́n bá fi òwú búlúù sára aṣọ dúdú, èmi ni mo gbà pé oògùn tó bá pọ́n ló lágbára.

Mo lo méjì, ọyún gbẹ. Mo kó méjì tó kù sínú agolo bọ́tìnnì. Nígbà tí ọ̀finkìn mú ọmọṣẹ́ mi kan, mo mú ọ̀kan fún un, mo ń ṣe bí dókítà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ìka mi tún wú. Mo tún ra òmíràn, ti yẹ́lò lọ́tẹ̀ yìí. Ó tún gbẹ, mo tún dá a dúró. Ó tún wú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá láti Ìbà, wọ́n gbé àgbo kan wá tí òórùn rẹ̀ ń lé èèyàn jáde nílé. Wọ́n ní àìsàn yìí kì í ṣe ojú lásán, pé ọwọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ tèmi ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo tẹ máṣíìnì." Inú wọn ò dùn sí mi. Mo ṣáà mu àgbo náà, nítorí ẹ̀rù ti ń bà mí.

Nígbà tí èékánná bọ́ tí mo sì rí nǹkan funfun nínú egbò, Bàbá Bùnmi wọ́ mi lọ sí ọsibítù ńlá. A kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, síbẹ̀ èrò ti kún bẹ́ǹṣì. A gba káàdì, a tò. Wọ́n ní kí a lọ ya fọ́tò eegun, a lọ tò níbẹ̀ náà. Àwọn obìnrin tó jókòó tì mí ń bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní abẹ́rẹ́ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó wọlé. Dókítà àgbàlagbà kan gbé fọ́tò náà sójú ìmọ́lẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

"Ìyá, ó ti jẹ eegun. A máa gé ìka yìí. Tí a bá sì fi jáfara, ọwọ́ la máa gé." Ó kọ ọjọ́ tí a máa padà wá sórí káàdì, ó ku oṣù kan gbáko, torí àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ pọ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti sunkún tí nọ́ọ̀sì ń bẹ̀ mí. Ẹ rò ó wò. Ìka yẹn ni mo fi ń darí aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ìka yẹn ni mo fi ń di síṣọ́ọ̀sì mú. Bí wọ́n bá gé e, mo ti di ẹni tó ń jókòó ní ìta ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Bó bá wá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gé ńkọ́? Ọwọ́ ọ̀tún! Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun, tí mo fi ń kí èèyàn! Mo jókòó sẹ́yìn alùpùpù títí dé Ìkìrun, mo gbé ọwọ́ náà mọ́ àyà.

Òun ló gbọ́ nílé-ìwé wọn ní Òkúkù pé dókítà ọ̀dọ́ kan wà nílùú náà tí kì í yára gé nǹkan. A lọ. Ọmọkùnrin náà kéré lójú mi, mo rò ó nínú ara mi pé ṣé ọmọ tí mo lè bí ló fẹ́ gba ìka mi là. Ó wo ìka náà pẹ́. Ó béèrè pé, "Ìyá, oògùn wo lẹ ti lò?"

Mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo tú etí ìró mi, mo da gbogbo èèpo kápúsù tí mo kó jọ sórí tábìlì rẹ̀: pupa, yẹ́lò, dúdú, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn. Mo tiẹ̀ fi yangàn díẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé mi ò fi ara mi sílẹ̀ láìtọ́jú. Ọmọ náà gbá orí mú.

"Ìyá, ṣé kòkòrò ní ojú tó fi ń wo àwọ̀ ni?"

Bàbá Bùnmi rẹ́rìn-ín. Mo wò ó kọ̀rọ̀, ó dákẹ́.

Dókítà wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní kòkòrò ló wà nínú eegun mi, oríṣiríṣi kòkòrò ló sì wà, oògùn tó ń pa ọ̀kan kò ní fọwọ́ kan èkejì. Ó ní bí mo ṣe ń lo méjì níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún, tí mo ń dá a dúró bí ó bá ti gbẹ, ńṣe ni mò ń fi ìyà díẹ̀ jẹ kòkòrò náà títí ó fi mọ ìyà náà mọ́ra. Ó ní ọ̀nà kan ló kù. Òun á bu ọyún náà ránṣẹ́ sí Òṣogbo, wọ́n á gbìn ín síbẹ̀ kí ó hù, wọ́n á wá fi oògùn lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí èyí tó ń pa á. Mo pariwo, mo ní, "Bí a ṣe ń ra òwú!" Ó ní kí ni mo wí. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àfi pé àwọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò.

"Ṣùgbọ́n," ó ní, "ẹ gbọ́dọ̀ fi gbogbo oògùn sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹ má gbé kápúsù mì, ẹ má da á sójú egbò, ẹ má mu àgbo. Bí oògùn bá wà lára yín, kòkòrò náà á fara pamọ́, a ò ní rí i."

Mo ní ó ti parí. Ọjọ́ méje! Kí ni ọjọ́ méje?

Ẹ̀yin ará mi, ọjọ́ méje pọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ìka náà ń ta mí débi pé mo ń fi ẹsẹ̀ gbá ògiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje gan-an, tí a ti fẹ́ máa lọ sí Òkúkù, mo ṣí agolo bọ́tìnnì. Mo rò ó pé ọ̀kan ṣoṣo, kí ni ọ̀kan ṣoṣo lè bà jẹ́? Mo gbé e mì láìlo omi kí ọkọ mi má baà gbọ́ ìró ife.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin a padà lọ gba èsì. Wọ́n ní kò sí ohun kan tó hù. Dókítà wò mí. "Ìyá, ẹ lo nǹkan."

"Èmi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo tiẹ̀ bínú. Mo ní ṣé èmi àgbà ló fẹ́ sọ di òpùrọ́ lójú ọkọ mi ni, mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ó fa ìwé kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Mo bi í pé kí ló ń kọ. Ó ní lẹ́tà ni, tí yóò dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ gé e, nítorí kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́.

Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí, omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Dókítà, ọ̀kan péré ni."

"Ọ̀kan wo?"

"Èyí tó pupa lápá kan."

Bàbá Bùnmi dìde, ó jáde lọ sí ìta. Mi ò rí i kí ó bínú bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Dókítà fa lẹ́tà náà ya. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù, pé ọjọ́ mẹ́wàá ni lọ́tẹ̀ yìí, torí eegun ò ní dúró dè wá, ọjọ́ gígé náà sì ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí kí n bẹ̀ yín: bí dókítà bá bi yín léèrè ohun tí ẹ lò, ẹ sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí àgbo àti oògùn tí ẹ jí lò. Irọ́ tí ẹ bá pa fún un, ara yín ni ẹ pa á mọ́.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé mi ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ìkìrun kún fún oògùn, bí mo bá da agolo tèmi nù, Làmídì wà ní ìta. Níbo ni mo fẹ́ sá lọ? Ibì kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn, ibẹ̀ sì ni mi ò fẹ́ lọ.

Ìyá mi ń gbé ní Inísà. Aládùúrà ni wọ́n, ti ayé àtijọ́, irú èyí tí kì í fi oògùn kan ẹnu. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ìjọ yẹn, omi àdúrà àti òróró ni. Àwa méjèèjì ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo bí Bùnmi, tí mo gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù kan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láàárín Ìkìrun sí Òkúkù, kò sí ilé mìíràn tí mi ò ti ní rí hóró oògùn kan jí. Mo di ẹrù mi, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹnu ya ìyá mi. "Àdùkẹ́, dókítà ló ní kí o má lo oògùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ọlọ́run náà ló ní kí o má lo oògùn." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹnu wọn ti kò nìyẹn. Bọ́ sínú ilé."

Kí n tó jókòó, wọ́n ti tú àpò mi. Wọ́n rí róòbù ìpara kan, wọ́n jù ú síta. Wọ́n rí míǹtì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ju òun náà síta. Mo ní, "Màámi, suwíìtì ni!" Wọ́n ní kí suwíìtì náà máa lọ.

Mi ò ní í gbàgbé ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ìyá mi ń fi omi gbígbóná tó níyọ̀ fọ egbò mi láàárọ̀, torí dókítà gba ìyẹn láyè. Wọ́n ń kọrin lórí mi, wọ́n ń ka sáàmù, èmi ń kérora. Ní ọjọ́ kẹjọ, ọwọ́ náà wú dé ọrùn ọwọ́, ara mi gbóná, mo ń sọ ìsọkúsọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá ọ̀kan fún mi, ọ̀kan ṣoṣo, àwọ̀ yòówù kó ní. Wọ́n mú orí mi lé itan. Omi ń bọ́ lójú àwọn náà, ó ń kán sí mi níwájú orí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá Bùnmi dé láti ilé-ìwé. Ó yọjú wò mí, àyà rẹ̀ já, ó jáde. Kò pẹ́ tó fi padà, tòun ti bébà kékeré kan lọ́wọ́. Kápúsù ni! Òun tó bínú sí mi! Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Bùnmi, ẹ kú ìrìn. Kí lẹ dì lọ́wọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yín fẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́."

"Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo bí i. Ọjọ́ méjì ló kù. Ẹ mú un padà lọ."

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ níwájú ilé, ó sunkún. Ìyá mi lọ jókòó tì í. Àwọn méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n gbé mi dé Òkúkù, dókítà bu ọyún náà, nọ́ọ̀sì gbé e lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá mi dúró sórí bẹ́ẹ̀dì. Èsì náà dé nígbà tí ọjọ́ gígé ku ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti òkèèrè. "Ó hù! Ìyá, ó hù!" Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè dúpẹ́ pé kòkòrò ara òun hù, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Ó ya àwo róbótó kan sórí ìwé fún wa, ó fi àmì mẹ́jọ sínú rẹ̀. Ó ní oògùn mẹ́jọ ni wọ́n dán wò. Mẹ́fà nínú wọn, kòkòrò náà hù dé ìdí wọn bí koríko, kò tiẹ̀ bẹ̀rù. Gbogbo èyí tí mo ti ń rà lọ́wọ́ Làmídì wà nínú mẹ́fà náà. Àyíká méjì yòókù mọ́ roro. Nínú méjì náà, ọ̀kan ló ń wọ eegun dáadáa. Abẹ́rẹ́ ni a ó kọ́kọ́ fi gbà á, lẹ́yìn náà a ó máa gbé e mì.

Gbogbo wa yíjú sí ìyá mi. Wọ́n jókòó lórí àga pẹ̀lú sútánà funfun wọn, Bíbélì wà lórí itan. Mo mọ ohun tó ń bọ̀, mo ti ń múra ìjà sílẹ̀.

"Dókítà," ni wọ́n wí, "mélòó lẹ ní ẹ dán wò?"

"Mẹ́jọ, Màmá."

"Mélòó ló sì jẹ́ tirẹ̀ gan-an?"

"Ọ̀kan."

"Ta ló mú ọ̀kan náà jáde láàárín mẹ́jọ?"

"Àyẹ̀wò ni, Màmá."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ó máa jẹ́ àyẹ̀wò lẹ́nu tiyín." Wọ́n dìde, wọ́n gbé Bíbélì wọn. "Ẹ gún un."

Mo sunkún, ti ayọ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì kankan ò sì bẹ̀ mí.

Dókítà la ìka náà, ó yọ eegun tó ti kú kúrò. Wọ́n ń gún mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá Bùnmi sì ta alùpùpù rẹ̀ láti fi sanwó abẹ́rẹ́, ó ń wọ mọ́tò lọ ilé-ìwé, kò sọ ọ́ sí mi létí rí. Ní ọjọ́ kẹta, lílù tó ń lù kì, kì yẹn dáwọ́ dúró. Mo ṣe bí ẹni tí wọ́n pa rédíò létí rẹ̀, mo ń wò yíká. Nígbà tó yá wọ́n fún mi ní èyí tí mo máa gbé mì nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ṣí i, mo wò ó. Ó funfun, kò dán, kò ní àwọ̀ kankan. Bó bá jẹ́ lórí àtẹ ni, ǹ bá ti fojú fò ó.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú ni mo fẹ́ sọ báyìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nílé, egbò náà san, awọ tuntun bò ó. Ara mi yá. Ọkàn mi ní, "Ìyá Bùnmi, o ti sàn, tọ́jú ìyókù, ọjọ́ mìíràn ń bọ̀." Mo mọ ohùn yẹn dáadáa, òun ló kó mi sínú wàhálà. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì aṣọ, mo fa ìlà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ìlà kan fún hóró kan, mo ní kí àwọn ọmọṣẹ́ mi máa ka á sókè lójú àwọn oníbàárà. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, àwọn oníbàárà gan-an á máa kígbe pé, "Ìyá Bùnmi, ìlà ọ̀sán dà?" Mo gbé e mì dé orí hóró tó kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tún ya fọ́tò eegun náà, dókítà ní eegun tuntun ti ń dí ibi tó ṣófo. Mo jó nínú yàrá rẹ̀, ó ní kí n rọra, àwọn aláìsàn wà níta. Mo ní kí àwọn náà wọlé wá jó.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rán ni sútánà tuntun fún ìyá mi. Ó pẹ́ kí n tó rán an tán, ìka náà ṣì le, ṣùgbọ́n ojú ìrán rẹ̀ tọ́. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí ìdúpẹ́ ìkórè, mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó di àkókò ẹ̀rí, wọ́n fà mí lọ́wọ́ jáde síwájú ìjọ. Mo rò ó pé wọ́n á sọ pé omi àdúrà ni, mo sì ti pinnu pé mi ò ní já wọn nírọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìyá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará, dókítà ló gún un lábẹ́rẹ́. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gún un. Mo sì gbàdúrà sí gbogbo abẹ́rẹ́ náà." Àwọn àgbà ìjọ ń wo ara wọn lójú. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn ló kọ́kọ́ kígbe Halelúyà, ni orin bá sọ.

Ó ti tó ọdún márùn-ún báyìí. Ìka náà kúrú díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èékánná rẹ̀ wọ́, kò sì tẹ̀ dópin. Bí òtútù bá mú, ó máa ń ta mí fẹ́ẹ́rẹ́. Mò ń rán aṣọ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Làmídì ti fi àtẹ sílẹ̀, ọṣẹ àti kánhún ló ń tà. Èmi ni mo sọ ọ́ títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Egbò kankan ò sì tún yọ lára ọwọ́ náà mọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ẹ ó ti kíyè sí i pé mi ò dárúkọ oògùn tó wò mí sàn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, pẹ̀lú ìka wíwú, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ṣọyún, wọ́n á ní, "Ìyá Bùnmi, ẹ ṣáà dárúkọ rẹ̀ fún wa." Mo máa ń kọ̀, wọ́n máa ń bínú, àwọn kan ní ahun ni mí. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, orúkọ ni wọ́n á mú lọ sọ́jà bí èmi ṣe mú àwọ̀ lọ. Kòkòrò tèmi ló wà fún, ta ló mọ kòkòrò tiyín? Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n bu tiyín wò. Nítorí náà bí wọ́n bá ti bínú tán, mo máa ń na ọwọ́ ọ̀tún mi sí wọn, màá ní kí wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, kí wọ́n ka ìka mi. Wọ́n á kà á. Márùn-ún ni.